Mo sanwó kí wọ́n wá mú mi wo ilé: Ìdànrè, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Ìkógosì àti Ọ̀ṣun

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún kọ́ńpìnì tó kó wa rin ìrìn àjò yìí. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé torí ìbéèrè ti pọ̀ jù, gbogbo ẹni tó fẹ́ wálé ní Dìsẹ́ńbà ló ń bi mí lórí WhatsApp pé ṣé kóun náà bá wọn lọ. Èsì mi nìyí: gbogbo ibi tí mo lọ yẹn, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dá yín dúró. Àwọn tó gbé mi lọ ni kẹ́ ẹ rò dáadáa kẹ́ ẹ tó fún lówó. Mi ò ní dárúkọ wọn o, mi ò wá jà.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti parí sẹ́kọ́ńdírì kí ọ̀nà Kánádà tó là. Àkúrẹ́ sí Ìdànrè ò pé kìlómítà 30, èèyàn lè jẹun àárọ̀ tán kó lọ kó sì bọ̀ wá bá oúnjẹ ọ̀sán nílé, síbẹ̀ mi ò gun òkè yẹn rí. Tẹ́ ẹ bá dàgbà sí apá ọ̀dọ̀ wa ẹ máa mọ ohun tí mò ń sọ, ìrìn àjò tá a mọ̀ ò ju ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọjí ṣọ́ọ̀ṣì, àti kí wọ́n kó wa lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà tí ilé ìwé bá ti gba họlidé. Tẹ́nì kan bá dìde láàárọ̀ pé òun fẹ́ sanwó mọ́tò lọ wo àpáta, wọ́n á ní kó jókòó kí wọ́n bá a gbàdúrà. Mo wá dé Kánádà, mo wọ aṣọ òjò rọ́bà, mo tò sórí ìlà, mo sanwó gidi láti lọ wo omi Niagara, mo ya fọ́tò mo fi ránṣẹ́ sílé, ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá fèsì pé "Omi Ẹ̀rìn ńkọ́?", ìyẹn omi tó ń já bọ́ láti òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ó dùn mí díẹ̀ ṣá, torí òótọ́ ni.

Orí Instagram ni mo ti rí kọ́ńpìnì yẹn. Fídíò wọn dáa, drone ń fò lókè, wọ́n fi orin sí i, wọ́n ní àwọn máa gbé wa láti Èkó, àwọn máa ṣètò hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó máa ṣàlàyé, gbogbo nǹkan. Dọ́là ni wọ́n fi dá lé e. Mo san án, mi ò tiẹ̀ dúnàádúrà, torí mo ti ń fi owó Kánádà wò ó. Ìgbà tó yá ni ọmọ àbúrò mi fi nọ́ńbà Nàìjíríà tiẹ̀ kàn sí wọn, ìrìn àjò kan náà, bọ́ọ̀sì kan náà, iye tí wọ́n pè fún un ò tó ìdajì tèmi. Ohun tí wọ́n ń ṣe fáwa IJGB ("I just got back", àwa tá a ti òkè òkun dé) nìyẹn o, kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ wá ẹnì kan nílé kó bá yín pe iye kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bọ́ọ̀sì: A/C ṣiṣẹ́ títí a fi jáde l'Ékòó, ó kú, kò jí mọ́. Dẹ́rẹ́bà dáa, kì í sáré, mo gbé òṣùbà fún un. Ẹni tó ní òun ń ṣàlàyé ni ìṣòro, ọmọkùnrin kan tó mú máíìkì lọ́wọ́, tó ń ka ọ̀rọ̀ láti orí fóònù ẹ̀, tí network bá ti lọ ọ̀rọ̀ náà á dá dúró, á ní ká máa jó. Ọmọ dáadáa ni o, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ kò tíì dé ibi tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ bóyá, ó sì hàn.

Àwàdà tó wá wà níbẹ̀ ni pé Àkúrẹ́ ni wọ́n fi wá sí. Hòtẹ́ẹ̀lì. Ní Àkúrẹ́! Ilé bàbá mi ò jìnnà síbẹ̀, tí mo bá dúró lójú fèrèsé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè tọ́ka sí àdúgbò náà. Màmá mi pè mí lálẹ́, "Ìwọ lo wá sí Àkúrẹ́ tó o lọ ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì? Kí ni kí n sọ fáwọn aládùúgbò?" Mo ní ẹ má bínú mà, ó wà nínú owó tí mo ti san ni. Kò dá mi lóhùn, ó gé fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ kejì a wà nídìí oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì, búrẹ́dì àti ẹyin tó ti tutù, ni màmá mi bá wọlé tòun ti kúlà, mọ́ínmọ́ín eléwé àti ẹ̀kọ gbígbóná, ó kí gbogbo tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Àwọn tó ti Houston wá, àwọn tó ti London wá, gbogbo wọn ti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oúnjẹ tó dáa jù ní gbogbo ìrìn àjò náà nìyẹn, kọ́ńpìnì ò sì ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ó yá, Ìdànrè. Ibí ni mo ti fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́ta dípò ẹyọ kan, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti sanwó ìwọlé nísàlẹ̀, wọ́n á fún yín ní ẹnì kan tó máa mú yín gòkè. Bàbá kan ni wọ́n fún wa, ó wọ bàtà sílípáàsì lásán, ó mú igi kan dání, kò ní máíìkì. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, sìmẹ́ǹtì ni, ó ní irin tẹ́ ẹ lè dì mú, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi síbẹ̀ lọ́nà. Èmi tí mò ń lọ sí gym ní Kánádà, ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni mo ti ń mí gúlegúle, bàbá yẹn ń wò mí, ó ní "Ẹ rọra, ìyá mi. Òkè ò lọ síbì kan." Ó jókòó tì mí, ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní Àkúrẹ́. Bó ṣe bọ́ sí èdè Ìdànrè nìyẹn, èmi náà ń fi ti Àkúrẹ́ dá a lóhùn, a ń gbọ́ra wa yé, láti ibẹ̀ lọ kò sọ ìtàn tó ń sọ fún gbogbo ayé fún mi mọ́, ó ń sọ ti bàbá ẹ̀, ti bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù gòkè lórí kí àtẹ̀gùn tó wà, ti ẹni tó kọ̀ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ìlú ń kó lọ sísàlẹ̀.

Torí ìlú ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, kì í ṣe àpáta lásán. Lórí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé títí di nǹkan bí ọdún 100 sẹ́yìn. Ẹ máa bá ààfin Ọwá lókè, òpó gbígbẹ́ ṣì wà níbẹ̀, ẹ máa bá ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé ìwé, àti ibi agogo. Ilé ẹjọ́ lórí àpáta! Mo dúró níbẹ̀ mo ń ro ẹni tó jẹbi ẹjọ́ tó tún máa sọ̀ kalẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà yẹn. Láti 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé, wọn ò tíì gbà á, kò sì yé mi ìdí.

Ẹsẹ̀ Agbógun wà níbẹ̀ náà, ojú ẹsẹ̀ kan tó wọ inú àpáta. Bàbá ní kò sẹ́sẹ̀ tí kì í bá a mu, ti ọmọdé ti àgbà, àyàfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹ wá wo àwọn èèyàn. Ọkùnrin méjì sáré yọ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sí i, ó bá wọn mu, wọ́n ń ya fọ́tò. Àǹtí kan tó ti London wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ọwọ́ aṣọ ẹ̀, ó ní òun ò gbé ẹsẹ̀ òun sí nǹkan kan, ẹsẹ̀ òun ti wú látinú ọkọ̀ òfuurufú, òun ò fẹ́ kí wọ́n lọ parọ́ mọ́ òun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Tèmi bá a mu o, kẹ́ ẹ tó bi mí.

Kọ́ńpìnì fún wa ní wákàtí díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè nísàlẹ̀. Ìdànrè fẹ́ odindi ọjọ́ kan. Tí mo bá tún lọ, àárọ̀ kùtù ni mo máa gòkè kí oòrùn tó mú, bàbá yẹn ni mo sì máa wá kàn, tààrà.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà ni, mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìmọye ìgbà láti kékeré, orí mi wà lórí itan ẹnì kan, mò ń sùn. Olúmirìn ni wọ́n ń pe omi tó ń já bọ́ níbẹ̀, ó ní ìpele méje. Ìtàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé obìnrin kan láti ìdílé Odùduwà tó ń jẹ́ Akínlà ló rí i nígbà tí wọ́n ń ṣí bọ̀ láti Ifẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ rọrùn, ibẹ̀ sì lèrò pọ̀ sí, wọ́n gbé spíkà wá, wọ́n ń se ìrẹsì, ẹ ò ní gbọ́ ohùn omi. Ẹ gòkè sí ìpele kejì, ó kéré tán. Ọ̀nà ẹ̀ le, gbòǹgbò igi àti òkúta lẹ máa fọwọ́ dì mú, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò á bá yín di ọwọ́ mú, ẹ bá wọn dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe tẹ́ ẹ bá dé òkè. Níbẹ̀ la ti bọ́ lọ́wọ́ ariwo spíkà, omi náà ń já bọ́ láti òkè, ó ń ta sí wa lójú, ó tutù débi tí eyín mi ń gbá ara wọn, mo sì ronú kan Niagara, níbi tí mo ti wò ó láti inú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn. Ibí, mo lè gbọ́wọ́ lé e. Ìparí àsìkò òjò ni omi ẹ̀ pọ̀ jù, àmọ́ ó ń yọ̀, ẹ wọ kánfáàsì tó di ilẹ̀ mú. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ omi náà máa ń dín kù.

Ìkógosì ò gba àkókò. Omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn pàdé ara wọn, ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ eléyìí kẹ́ ẹ ki ìkejì bọ ìyẹn, ìyanu ni lóòótọ́, mo ṣe é, mo pariwo. Lẹ́yìn ìyẹn kí ló kù? Tí kò bá ṣe pé ẹ fẹ́ sùn síbẹ̀ kẹ́ ẹ sinmi lábẹ́ igi, ẹ lè fi í kún ọ̀nà nìkan. Ibi tó gbádùn mọ́ mi jù lágbègbè yẹn ni ojú ọ̀nà fúnra ẹ̀, àwọn òkè apá Ẹ̀fọ̀n tó ń yọ lọ́tùn-ún lósì.

Ọ̀ṣun wá ni mo bẹ̀rù jù láti lọ. Nígbà tá a wà ní kékeré, kò sẹ́ni tó lè dárúkọ igbó Ọ̀ṣun nílé wa kí wọ́n má bú u. Mo pe ìbátan mi kan lórí fídíò láti ẹnu ọ̀nà, kó tó kí mi ó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bò mí. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, létí ìlú Òṣogbo, láti 2005 ni UNESCO sì ti gbà á. Ọmọ oní-máíìkì wa ní "òyìnbó Jámánì kan tó ń jẹ́ Susanne Wenger ló ṣe gbogbo ère yìí." Obìnrin tó ń mú wa rìn níbẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ Austria ni Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ó kú sí Òṣogbo ní 2009, kò sì dá a ṣe, ó ní Adébísí Àkànjí ńkọ́, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta ńkọ́, Kàsálí Àkàǹgbé tó ń gbẹ́ igi ńkọ́? Ó ń tọ́ka sí iṣẹ́ wọn bó ṣe ń dárúkọ wọn. Mo fọwọ́ kan ògiri sìmẹ́ǹtì kan, ewédò ti bò ó lápá kan, ẹ ṣì ń rí ojú ìka ẹni tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ṣì tutù. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀. Inú bí mi pé ẹni tó kàwé tó mi ò gbọ́ orúkọ àwọn wọ̀nyí rí níléèwé, a kọ́ nípa odò Thames. Ọ̀bọ wà níbẹ̀ o, ẹ di báàgì yín mú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má sanwó kọ́ńpìnì láti Èkó. Ẹ dé Àkúrẹ́ fúnra yín, ẹ háyà mọ́tò pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà tẹ́nì kan mọ̀, ẹ máa lọ síbi kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tiẹ̀, owó tó kù kẹ́ ẹ fún àwọn tó ń mú yín rìn níbẹ̀, torí àwọn lẹ wá gbọ́. Ẹ mú owó kéèṣì dání, transfer lè dúró sójú ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ mú tíṣù dání pẹ̀lú, níbì kan nínú àwọn ibi tá a lọ, omi ò sí nílé ìyàgbẹ́, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má rìn lóru. Ẹ sá fún ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ Àìkú, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn spíkà.

Ẹni tó bi mí nípa ọmọdé: wọ́n lè gun Ìdànrè dáadáa, ọ̀pọ̀ wọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a lọ, ṣe ni wọ́n ń sáré kọjá mi. Ẹ̀rìn ni mi ò ní jẹ́ kí wọ́n kọjá ìpele àkọ́kọ́.