Rédíò inú mọ́tò: èyí tẹ́ ẹ máa rà, ibi tẹ́ ẹ máa ti gbé iná wá, ibi tí éríà máa dúró sí

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin pé kí n bá àwọn so rédíò ìsọ̀rọ̀ mọ́ ọn, èyí tó ní máíkì tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, irú tó wà nínú mọ́tò ọlọ́pàá àti ti fíjílàntí, wọ́n á ti ra rédíò tán kí wọ́n tó dé. Páálí ẹ̀ á wà lọ́wọ́ wọn, ìbéèrè tó kù ò ju "Áàfáà, èló niṣẹ́ yín?" lọ. Tí mo bá wá sọ iye wáyà, fíùsì, éríà (ọ̀pá tó ń gbé ohùn jáde, tó sì ń gbà á wọlé) àti kébù ẹ̀, ojú wọn á yí padà, torí gbogbo owó ti wà lórí rédíò. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn, kẹ́ ẹ lè mọ̀ kẹ́ ẹ tó nawó. Lójú tèmi, tówó ò bá tó nǹkan, ẹ ra rédíò tó kéré, kẹ́ ẹ fi ìyókù ra wáyà tó dáa àti éríà gidi. Rédíò wáàtì 25 tí éríà ẹ̀ wà láàárín orí mọ́tò, tó ń gba iná tààrà lára bátìrì, máa ń dé ibi tó jìnnà ju wáàtì 50 tí wọ́n ki bọ ẹnu láítà sìgá, tí wọ́n wá gbé éríà ẹ̀ sínú mọ́tò nídìí gíláàsì ẹ̀yìn.

Wọ́kì-tọ́kì, rédíò onísíìmù, àbí rédíò mọ́tò gangan?

Wọ́kì-tọ́kì ọwọ́ ló rọrùn jù láti ní, Baofeng ló pọ̀ nígboro. Wáàtì 4 sí 5 ni, ẹ ò ní so nǹkan kan mọ́ mọ́tò, tẹ́ ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ ẹ lè mú un dání rìn wọnú oko. Àmọ́ nínú mọ́tò, irin ló yí i ká, éríà kúkúrú orí ẹ̀ ò ráyè sọ̀rọ̀ síta, kìlómítà kan sí méjì báyìí, ohùn ti ń já. Ẹni tó bá ti ní i tẹ́lẹ̀ ò tíì pàdánù o, ó lè ra éríà orí mọ́tò kan ṣoṣo kó so ó mọ́ ọn dípò kúkúrú tó wà lórí ẹ̀, wáàtì 5 náà ni, ṣùgbọ́n ibi tó máa dé á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì.

Rédíò onísíìmù rí bíi rédíò lóòótọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì ẹ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló ń gbà kọjá. Ẹni tó wà ní Ìlọrin lè fi bá dírẹ́bà tó wà l'Ékòó sọ̀rọ̀, èyí tí rédíò lásán ò lè ṣe láéláé. Fún ẹni tó ní bọ́ọ̀sì tó ń ná títì ńlá, òun ni mo máa ní kó rà. Fún ẹni tó ń wọ oko lápá Òkè-Òde tàbí tó ń gba àárín igbó kọjá lẹ́yìn Òmù-Àrán, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí ibi tí fóònù yín bá ti sọ pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rédíò onísíìmù náà á dákẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ sì ti máa nílò ẹ̀ jù.

Rédíò mọ́tò gangan, Motorola, Kenwood, Icom, Hytera àti irú wọn, wáàtì 25 sí 50 ló sábà máa ń jẹ́, kò bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni. Mọ́tò sí mọ́tò, ẹ fojú sí bíi kìlómítà 10 sí 20, òkè àti igbó ló máa sọ èyí tó bá jẹ́. Ẹ wo ìdí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, pàápàá tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀: VHF ni àbí UHF (irú ìgbì rédíò méjì ni wọ́n)? VHF ò lè bá UHF sọ̀rọ̀, mo ti rí ẹni tó ra mẹ́rin VHF, méjì UHF, ó ní owó kan náà ni wọ́n ń tà á. Fún oko àti ilẹ̀ gbalasa, VHF ni mo fẹ́ràn. Fún àárín ìlú tí ilé ti pọ̀, UHF máa ń rọ́nà gbà láàárín ilé dáadáa.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? NCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fúnni láṣẹ lórí fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn ọ̀nà tí rédíò kọ̀ọ̀kan ń gbà sọ̀rọ̀, ní Nàìjíríà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé fíríkúẹ́ńsì wo ló fi sínú ẹ̀, ta ló sì ni ín, kẹ́ ẹ má lọ bọ́ sórí ti àwọn agbófinró.

Iná: ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀

Wọ́n gbé Hilux kan wá bá mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ oko ni, ẹ̀yìn Àjàṣẹ́-Ìpo ló máa ń lọ. Ẹni tó so rédíò ẹ̀ gba wáyà pọ́sítíìfù kọjá nínú ihò irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti inú mọ́tò, kò fi rọ́bà ká ẹnu ihò náà, ó wá fi fíùsì sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Gbágungbàgun ọ̀nà oko ń jẹ́ kí irin máa ha ara wáyà díẹ̀díẹ̀ títí ìhòòhò ẹ̀ fi kan irin. Bátìrì mọ́tò lè tu ámpù 300 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà pọ́n, rọ́bà ẹ̀ yọ́, èéfín gba inú mọ́tò, dírẹ́bà ló sáré ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó fi súpánà tú ẹnu bátìrì. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, fíùsì abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wà digbí, kò já, torí ibi tí iná ti kan irin wà láàárín bátìrì àti fíùsì, fíùsì ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn mẹ́rin ló wà nínú mọ́tò yẹn, ara mi ṣì máa ń gbọ̀n tí mo bá rántí.

Nítorí náà, fíùsì gbọ́dọ̀ sún mọ́ bátìrì, kó má ju bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ sí ẹnu pọ́sítíìfù. Wáyà ni fíùsì ń ṣọ́ o, kì í ṣe rédíò nìkan. Iye tí ìwé inú páálí bá kọ ni kẹ́ ẹ fi sí i, wáàtì 25 sábà máa ń gba ámpù 10, wáàtì 50 sábà máa ń gba 15 tàbí 20. Tó bá já, ẹ má jẹ́ kí rewáyà kankan wé wáyà mọ́ ọn pé kó lè gbé yín délé.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti sábà máa ń gbé iná wá. Ẹnu láítà sìgá ló yá jù, ẹ kàn máa kì í bọ̀ ọ́ ni, ṣùgbọ́n fíùsì ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ò ju ámpù 10 tàbí 15 lọ, wáyà ẹ̀yìn ẹ̀ sì tín-ín-rín. Rédíò wáàtì 50 ń fa bí ámpù 10 sí 12 tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, wáàtì 25 ń fa bí 6 sí 8, wọ́kì-tọ́kì ò fà ju 2 lọ. Ẹ lè rí i pé wọ́kì-tọ́kì nìkan ni ẹnu láítà wà fún. Èkejì ni kí wọ́n já a mọ́ inú àpótí fíùsì mọ́tò, wọ́n máa ń sọ pé ó mọ́ tónítóní. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ iná tí wọ́n já mọ́ ni wáípà tàbí fáànù ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ máa gbọ́ ariwo wọn nínú rédíò, fíùsì wọn náà á sì máa já. Wáyà tín-ín-rín tó ń sọ fún rédíò pé wọ́n ti yí kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nìkan ni mo máa ń gbé síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni bátìrì tààrà, òun ni mo máa ń ṣe. Àléébù ẹ̀ kan wà: rédíò á ṣì máa gba iná tẹ́ ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ẹ̀ sílẹ̀ láìpa á, ó lè máa fa ìdajì ámpù, ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti pa bátìrì mọ́tò kékeré. Ẹ ra rédíò tó ní wáyà kọ́kọ́rọ́ yẹn, tàbí kẹ́ ẹ máa pa á fúnra yín.

Ọ̀rọ̀ wáyà. Wáyà iná ilé ni àwọn kan máa ń gbé wá, èyí tó jẹ́ irin kan ṣoṣo nínú. Ó le, gbígbọ̀n mọ́tò máa ń kán an. Ẹ ra èyí tó ní irun púpọ̀ nínú, tó rọ̀. Láti bátìrì dé dáṣíbọ́ọ̀dù lọ bọ̀ lè tó mítà 6, tẹ́ ẹ bá lo wáyà 1mm fún rédíò wáàtì 50, fóltì 1.2 báyìí máa sọnù sójú ọ̀nà, ohùn yín á máa bàjẹ́ lẹ́tí ẹni tó ń gbọ́ yín. Wáyà 4mm, bíi fóltì 0.3 ló máa sọnù. Ìyàtọ̀ owó wọn ò tó ohun tẹ́ ẹ máa fi wéwu. Négátíìfù náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́ irin bọ́dì nítòsí bátìrì, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò níbẹ̀ dáadáa, pàápàá nínú àwọn mọ́tò tuntun tó ní nǹkan kékeré oníwáyà tín-ín-rín lórí ẹnu négátíìfù bátìrì, torí ìyẹn ló ń ka iná fún kọ̀ǹpútà mọ́tò, kò yẹ kẹ́ ẹ so nǹkan mọ́ ẹnu bátìrì níwájú ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tírélà tàbí típà, ẹ kọ́kọ́ wo fóltì yín. Ọ̀pọ̀ DAF àti MAN jẹ́ fóltì 24, rédíò fóltì 12 máa jóná níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ra kọnfátà tó ń sọ 24 di 12. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń já a mọ́ bátìrì kan nínú méjì, ó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì méjèèjì ò ní gba iná dọ́gba mọ́, ẹ máa tètè ra òmíràn. Ẹ̀yin tó ń kó òkúta, ẹ rí i pé ẹ pa rédíò pátápátá tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ fọ́ àpáta, torí ìgbì rédíò lè tan ohun oníná tí wọ́n fi ń yin àdó. Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé epo, ẹ má tẹ bọ́tìnnì.

Éríà: ihò, mágínẹ́ẹ̀tì, àbí èyí tó ń gbá etí búùtù mú

Kò sí ibi tó dà bí àárín orí mọ́tò. Irin tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ éríà ló ń tì í lẹ́yìn, ohùn á máa jáde yíká. Éríà VHF tí gígùn ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì gùn tó bí sẹ̀ǹtímítà 50, ti UHF ò ju bí 16 sí 17 lọ.

Èyí tí wọ́n lu ihò fún ló dáa jù, tó sì dẹ́rù ba èèyàn jù, ihò mílímítà 19 lórí Hilux tuntun, mo mọ bó ṣe ń rí lára. Tí wọ́n bá fi rọ́bà ẹ̀ sí i dáadáa, òjò ò ní wọlé. Kí rewáyà ṣí aṣọ òkè mọ́tò wò kó tó gbé dírílì, ẹ́ábáàgì ẹ̀gbẹ́ wà nínú òrùlé àwọn mọ́tò kan. Onímágínẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń lò fún ẹni tó yá mọ́tò tàbí tó fẹ́ tà á láìpẹ́. Ẹ máa gbé e kúrò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ nu abẹ́ ẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku ń wọ abẹ́ ẹ̀, á máa ha ọ̀dà. Kébù ẹ̀ sì máa ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ilẹ̀kùn á máa fún un pa, inú ẹ̀ á já láìjẹ́ pé ẹ rí i. Èyí tó ń gbá etí búùtù tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì mú wà láàárín àwọn méjèèjì: kò sí ihò, kì í já bọ́, ṣùgbọ́n irin ò yí i ká dọ́gba, ohùn á lọ sí ọ̀nà kan ju òmíràn lọ, àwọn bùlọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gé ọ̀dà dé irin.

Ibi tí rédíò fúnra ẹ̀ máa jókòó

Ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Ẹ́ábáàgì wà níbẹ̀, tó bá tú jáde, á sọ rédíò di òkúta tó ń fò lọ bá ojú èèyàn. Ẹ wo orúnkún dírẹ́bà náà, àwọn mọ́tò kan ní ẹ́ábáàgì síbẹ̀. Wáyà tó wà nínú páìpù tàbí tépù aláwọ̀ ìyeyè, ti ẹ́ábáàgì ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án tàbí fi de wáyà míì. Ẹ̀gbẹ́ ibi jíà ló sábà máa ń dáa, pẹ̀lú bùlọ́ọ̀tì, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Abẹ́ àga ò burú tó bá jẹ́ rédíò tí ojú ẹ̀ ṣeé yọ kúrò lára ẹ̀, àmọ́ ẹ fààyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn, torí wáàtì 50 tó ń jáde lórí éríà, bíi wáàtì 100 míì ló ń di ooru lára rédíò nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ooru Ìlọrin lóṣù kẹta tún wà lórí ẹ̀. Ẹ rí i pé irin tí àga ń rìn lé ò gé wáyà. Kébù éríà àti wáyà iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí méjèèjì jìnnà sí kọ̀ǹpútà mọ́tò.

Tí wọ́n bá so ó tán, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kí wọ́n gbé míítà SWR jáde, èyí tó ń wọn bí agbára tó ń padà láti éríà ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì lójú yín: 1.5 sísàlẹ̀ dáa, 2 ṣì ṣeé fara mọ́, tó bá tó 3, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ẹ̀ ń padà wọnú rédíò, ó lè jó o níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún éríà ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ tan mọ́tò, ẹ tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kẹ́ ẹ máa wo dáṣíbọ́ọ̀dù, bóyá iná ẹ́ábáàgì tàbí ti ẹ́ńjìnnì tàn, bóyá ẹ́ńjìnnì yí ohùn padà. Kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kan wáyà pọ́sítíìfù láti bátìrì dé rédíò, gbogbo ibi tó ti gba ihò kọjá. Tó bá gbóná níbì kankan, ẹ ní kí wọ́n tú u.