Joker: Ẹ̀rín tí ó bo ẹkún mọ́lẹ̀

Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Súrùlérè ni a ti wo Joker, fíìmù tí Todd Phillips darí ní ọdún 2019, nínú èyí tí Joaquin Phoenix ti ṣe Arthur Fleck, ọkùnrin tí ó fẹ́ di aláwàdà, tí ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, tí ọkàn òun fúnra rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ohun tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi ni ẹ̀rín rẹ̀, ẹ̀rín tí kò lè dá dúró, tí ó máa ń bú jáde nígbà tí ó yẹ kí ó sunkún, débi pé ó ní káàdì kan tí ó fi ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé àìsàn ni. Nígbà tí wọ́n dá owó ibi tí ó ti ń gba ìmọ̀ràn àti oògùn dúró, ẹ̀gbọ́n mi, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, mí kanlẹ̀. Ẹ̀bùn Oscar tí Phoenix gbà ní ọdún 2020 tọ́ sí i gan-an.

Àríwísí kan ni mo ní, ó sì wúwo lọ́kàn mi: fíìmù náà so àìsàn ọpọlọ mọ́ ìpànìyàn ju bí ó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ní Èkó níbí, orúkọ Yábà lásán, àdúgbò tí ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ wà, ti di èébú fún àwọn tí ń gba ìtọ́jú. Kì í ṣe fíìmù ọmọdé.