Rọ́bà, sílíkóònù àbí náílọ́ọ̀nù líle: èwo ni kí ẹ rà fún fákúùmù ọkọ̀ àtijọ́?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́jú Peugeot 504, Volkswagen Ìjàpá tàbí Mercedes W123 ní ìlú Ìbàdàn ló ń náwó sí kábúrétọ̀ àti plọ́ọ̀gì kí wọ́n tó rántí àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé agbára ìfàmọ́ra ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fákúùmù, kiri abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá là, ọkọ̀ a máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò gba inú fíítà (asẹ́ afẹ́fẹ́) kọjá ti ráyè wọ ẹ́ńjìnnì, bó bá sì jẹ́ àsìkò ọyẹ́, eruku á bá a wọlé.

Ní ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ Arárọ̀mí ní Agodi Gate, bí ẹ bá ní rọ́bà fákúùmù ni ẹ fẹ́ rà, ó ṣeé ṣe kí ọlọ́jà na èyí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí yín láì bèèrè ibi tí ẹ fẹ́ fi í sí. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò, nítorí kò sí oríṣi kan tó dára fún gbogbo iṣẹ́ inú ọkọ̀ kan ṣoṣo.

Rọ́bà dúdú ló pọ̀ jù lọ́jà, oríṣi méjì ló sì wà nínú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Èyí tí wọ́n fi nitrile ṣe kì í tètè bàjẹ́ bí epo bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì bá kàn án, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti ju nǹkan bí 100°C lọ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń gan, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ìta a sì máa là á lára. EPDM, tó jẹ́ oríṣi kejì, yàtọ̀ sí i pátápátá: ó ń fara da ooru àti ojú ọjọ́ dáadáa, àmọ́ bí ọ́ìlì tàbí epo bá ta sí i, á wú, á sì rọ̀. Nítorí náà, nitrile ni mo fara mọ́ fún páìpù tó ti kábúrétọ̀ lọ sí dísítíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì), níbi tí èéfín epo ti ń dé, kí ẹ sì lo EPDM fún ibi tó gbẹ tó sì gbóná. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí wọn kò bá kọ ohunkóhun, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ti Ìjàpá, èyí tí òwú bò lára, tí inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó 3.5 mm, ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì gba páìpù ike tí a ń rí inú rẹ̀ kedere lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á rọ̀ ọ́, ìfàmọ́ra á sì fún un mọ́ra.

Sílíkóònù aláwọ̀ búlúù tàbí pupa ló máa ń fa ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ń ra ọkọ̀ àtijọ́. Òótọ́ ni pé ó ń fara da ooru tó súnmọ́ 200°C, kì í sì í là bíi rọ́bà, ìyẹn sì wúlò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road. Ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni epo àti ọ́ìlì, irin mímú a sì máa gé e. Èyí tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ ló burú jù. Ẹ fi ìka méjì fún un níbẹ̀, bó bá pa pọ̀ wẹ́rẹ́, kò wúlò fún yín.

Sáfò bíréèkì, ìyẹn ohun roboto tó ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́, kò gba àṣìṣe rárá. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Mápó, tí páìpù rẹ̀ fún mọ́ra lójijì, yóò rí i pé bíréèkì ti le bí òkúta. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti sáfò bíréèkì ni, tí òwú wà láàárín ara rẹ̀. Ẹ má fi ti rádíétọ̀ dípò rẹ̀. Ẹ tún wo fáàfù tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè ti ọ̀dọ̀ sáfò lọ sí ẹ́ńjìnnì, kò sì gbọdọ̀ lè padà. Bí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì, tí ẹ dúró díẹ̀, ìtẹ̀ bíréèkì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ṣì rọ̀.

Mercedes W123, tí wọ́n ṣe títí di nǹkan bí 1986, ní ti rẹ̀, ń lo páìpù náílọ́ọ̀nù líle tí àwọ̀ ojú rẹ̀ ń fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Fákúùmù ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀, òun náà ló ń pa ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ ti yí kọ́kọ́rọ́, nígbà tí ìjò wà níbi ilẹ̀kùn. Àwọn rọ́bà kékeré tó so páìpù pọ̀ ló sábà máa ń bàjẹ́, kì í ṣe páìpù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra àwọn rọ́bà ìsopọ̀ nìkan. Ẹni tó bá fi sílíkóònù aláwọ̀ kan rọ́pò gbogbo rẹ̀ ti pa àmì ọ̀nà rẹ́ fún mẹkáníìkì tó ń bọ̀.

Tòkunbọ̀ kò yẹ fún èyíkéyìí nínú wọn, nítorí ọjọ́ ogbó rọ́bà náà ti ń lọ kó tó dé ọwọ́ yín.

Kí ẹ tó tú ohun kan, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì so àmì mọ́ páìpù kọ̀ọ̀kan, nítorí páìpù dísítíríbútọ̀ tí a bá gbé láti ẹnu tirẹ̀ lára kábúrétọ̀ lọ sí mánífóòdù (páìpù ńlá tó ń pín afẹ́fẹ́ àti epo sínú ẹ́ńjìnnì) lè mú kí ẹ́ńjìnnì sáré jù níbi tó dúró sí. Ẹ jẹ́ kí páìpù náà jìnnà sí páìpù èéfín, kí ó má ṣe tẹ̀ gan-an, kí ó sì ní àlàfo díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì ń mì. Kí ó dà sí ìhà kábúrétọ̀, kí epo tó bá dì sínú rẹ̀ lè ṣàn padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wọ́n omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan; ibi tí ìró ẹ́ńjìnnì bá ti yí padà ni ìjò wà. Ẹ má fi bẹntiróòlù ṣe é.