Bọ́kẹ́ẹ̀tì oníike àbí pátákó káfíńtà? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kọ́ ìrísí

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ọmọdé ní Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja, tí ẹ ní ẹ fẹ́ ohun tí ọmọ yóò fi mọ róbótó yàtọ̀ sí onígun mẹ́ta, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n á kó síwájú yín: bọ́kẹ́ẹ̀tì oníike tó ní ihò lórí ìdérí, pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n gbẹ́ ihò sí, àti àwòrán tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀kẹrin, ìyẹn fóònù, ti wà lápò yín. Mo ti fi gbogbo wọn kọ́ àwọn ìbejì mi nílé àti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà n kò ní máa ka àwọ̀ àti iye ẹyọ inú páálí fún yín. Ẹ̀yìn páálí ti sọ ìyẹn.

Àwòrán ara ògiri ò wọ́n, ṣùgbọ́n ojú lásán ló ń bá ṣiṣẹ́. Gbogbo onígun mẹ́ta orí rẹ̀ ló jókòó lórí ìdí, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè. Ẹ dorí ẹyọ kan kodò níwájú ọmọ tó fi àwòrán yẹn kọ́ ọ, á ní kì í ṣe onígun mẹ́ta mọ́. Ti eré ìrísí inú fóònù, kí ọmọ tó yí nǹkan kan, àwòrán ojú fóònù á ti fò wọ ihò fúnra rẹ̀. Iná ò sì sí.

Ó wá ku bọ́kẹ́ẹ̀tì àti pátákó. Ìbéèrè kan ni kí ẹ fi dá àwọn méjèèjì lẹ́jọ́: tí ọmọ bá ki èyí tí kò yẹ sínú ihò, ṣé ihò yóò kọ̀ ọ́? Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1907, ní ohun èlò fúnra rẹ̀ ni kó jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé òun ti ṣì í, kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́. Ihò tó bá gba gbogbo nǹkan wọlé, ẹ̀yin lẹ ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó máa pariwo “kì í ṣe ibẹ̀ yẹn” láti àárọ̀ dalẹ́.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo rà kò mọ bí a ti ń kọ̀ nǹkan. Inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí. Mo ní kí ọ̀gá jẹ́ kí n tú u wò, ó ní bí mo bá ti tú u, mo ti rà á nìyẹn. A délé, Kẹ́hìndé mú róbótó, ó kì í sí ihò onígun mẹ́rin, ó bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì gbì, ọmọ pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ẹni tó ṣe é ló fi ìwọ̀n kan náà ṣe fífẹ̀ róbótó àti ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin. Kí ló máa dá róbótó dúró? Mo gbé e padà, ọ̀gá na ìka sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Owó mi jókòó síbẹ̀.

Ká tiẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ pé, àwọn ẹyọ bọ́kẹ́ẹ̀tì nípọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Ẹ dá agolo mílíìkì dùbúlẹ̀ kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: róbótó ti lọ, onígun mẹ́rin lẹ̀ ń wò. Onígun mẹ́ta tó nípọn náà ní ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́rin. Ọmọ tó já fáfá á rí i kíá, á gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀yin á ní kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Friedrich Fröbel, ará Jámánì tó dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀ ní Bad Blankenburg lọ́dún 1837, mọ̀ọ́mọ̀ kó bọ́ọ̀lù, igi tó dọ́gba níhà gbogbo, àti igi tó rí bí agolo pọ̀ sínú ohun ìṣeré kan, kí ọmọ lè yí wọn, kó rí i pé nǹkan kan lè ní ojú méjì. Ẹ̀kọ́ gidi ni fún ọmọ ọdún 5. Fún ọmọ ọdún 2 tí kò tíì mọ róbótó, ìdàrúdàpọ̀ ni.

Àwọ̀ náà ń tan ni jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹyọ pupa ló ni ihò pupa, ẹyọ aláwọ̀ ewé ló ni ihò aláwọ̀ ewé. Táíwò ń kì wọ́n wọlé wàràwàrà, inú mi ń dùn, títí mo fi lẹ téèpù dúdú yí etí ihò gbogbo ká. Ọmọ mú ẹyọ pupa lọ́wọ́, ó wo ìdérí, ó wo ojú mi. Àwọ̀ ló ti ń kọ́ látọjọ́ yìí.

Igi pátákó pẹlẹbẹ ní tirẹ̀. Bí ọmọ bá fi ẹ̀gbẹ́ kì í, á dúró ṣánṣán, kò ní dùbúlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á yọ ọ́. Àwọn tó wá láti òkè òkun wà, ṣùgbọ́n káfíńtà ni mo gbé iṣẹ́ fún ní Kàbà, ó sì fi àjákù àfàrà gé e. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀: “Òkun o, ìyá ìbejì, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n fojú wọ̀n ọ́n?” Rárá o. Ìwọ̀n nìyí: onígun mẹ́rin dọ́gba, sẹ̀ǹtímítà 7 ní ẹ̀gbẹ́, róbótó, 8.5 ní fífẹ̀. Onígun mẹ́ta, 10 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onígun mẹ́rin gbọọrọ, 5.5 sí 11. Róbótó yẹn tóbi ju ihò onígun mẹ́rin lọ, bẹ́ẹ̀ ni onígun mẹ́rin náà, láti igun dé igun, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10, kò lè wọ ihò róbótó. Ẹyọ kankan kò lè sùn sínú ihò èkejì. Kí ihò kọ̀ọ̀kan fi mílímítà 2 ju igi rẹ̀ lọ.

Pátákó ní àléébù tirẹ̀. Nígbà òjò igi a máa wú, onígun mẹ́ta wa há débi pé ọ̀bẹ la fi yọ ọ́. Ọyẹ́ dé, ó tún tú. Ẹ má fi í sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́jú nítorí ikán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà ojú fèrèsé kùn ún, torí òjé tó lè wà nínú ọ̀dà a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Sáńdípépà tó dán ti tó. Kókó ìdìmú orí igi ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù: ìṣó lásán kì í mú un pẹ́. Nínú ìdánwò tí òfin Amẹ́ríkà là sílẹ̀ fún ohun ìṣeré ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ohun tó bá wọ inú ihò mílímítà 31.7 tán lè há ọmọ lọ́fun. Nílé, páálí àárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ fi wò ó. Èmi ò fi kókó kankan sí tiwa.

Ti fífọ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì ló borí: ọṣẹ àti omi, ó parí. Ti owó, òun náà ló sábà máa ń dínwó.

Ta ni kó ra èwo? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan àtààbọ̀, tí kíkó sínú àti dídà síta ti tó fún, kó ra bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí ọlọ́jà bá jẹ́ kó tú u wò. Ẹni tó ti ní i nílé, kó tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ dá ìrísí mọ̀ lọ́dún yìí, kó wá káfíńtà. Kó fi róbótó bẹ̀rẹ̀, torí bí ọmọ bá ṣe yí i ló ń wọlé. Onígun mẹ́rin dọ́gba ń wọlé lọ́nà 4, onígun mẹ́ta lọ́nà 3, gbọọrọ lọ́nà 2 péré, nítorí náà òun ni kó gbẹ̀yìn.

Ẹ kọ ìwọ̀n náà sórí bébà fún káfíńtà, ẹ sì ní kó gé róbótó méjì. Òun ló máa ń yí gba abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ.