Kíláàsì ọ̀rọ̀ sísọ ní Òkè-Ìlèwó: ibi tó ti tó owó rẹ̀ àti ibi tó kù sí

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ pé ẹ máa ń dìde níwájú èrò, tí ẹ ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ohun tí ọkàn wọn ò tíì fẹ́, ẹ lọ sí kíláàsì yìí. ₦35,000 ni wọ́n ń gbà, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Ìlèwó, níbí ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó ń kọ́ wa ti ṣiṣẹ́ rédíò títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni èmi. Mo máa ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, nínú ọjà, nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ló gbé mi dé ibẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà, ẹyọ kan péré, lọ́fẹ̀ẹ́. Kòkòrò HPV ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, àrùn tó ń mú àwọn obìnrin lọ nígbà tí ọmọ ṣì ń wo ojú wọn. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé èyí fún àwọn ìyá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn pé "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á bùkún yín," wọ́n á sì fa ọmọ wọn lọ́wọ́ padà sílé láìgba nǹkan kan.

Ọ̀dọ̀ Aristotle ni Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Gíríìsì ayé àtijọ́, tó ti lé ní 2,300 ọdún tó ti kú. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní ọ̀rọ̀ ń gbà wọ èèyàn lára: irú ẹni tí olùsọ̀rọ̀ jẹ́ lójú àwọn tó ń gbọ́ ọ, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe sí ọkàn wọn, àti ẹ̀rí tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Èyí wà nínú ìwé kiri, ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò jẹ́ kó mọ sórí pátákó. Ó ní kí kálukú mú ọ̀rọ̀ tó máa lọ sọ lóòótọ́ wá, ká fi báírò aláwọ̀ mẹ́ta fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan tí a jọ wà níbẹ̀, pupa ni gbogbo tirẹ̀: ẹ̀dùn ọkàn láti òkè délẹ̀, láìsí ẹ̀rí kan tí èèyàn lè dì mú. Tèmi, búlúù ni. Ẹ̀rí, ẹ̀rí, ẹ̀rí. Ibi tí mo ti sọ pé ọmọ bíbí inú mi náà gba abẹ́rẹ́ yìí, kò sí. Ó wà nínú rẹ̀ báyìí, àwọn ìyá sì máa ń gbójú sókè tí mo bá débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó tó owó náà lójú mi, ká tiẹ̀ ní òun nìkan ni wọ́n kọ́ wa, ni ọjọ́ tí Ọ̀gá ní ká kọ́kọ́ fi ẹnu ara wa ro ẹjọ́ ẹni tí kò gbà fún wa, kí a tó dá a lóhùn. Ìlànà rẹ̀ le. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dáhùn rárá àfi tí ẹni tó dúró fún alátakò yín bá ní, "Òun nìyẹn, bó ṣe wà nínú mi gan-an lẹ sọ ọ́." Obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló dúró fún àwọn ìyá nígbà tó kàn mí. Mo ní, "Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé abẹ́rẹ́ náà lè ṣàkóbá fún ìbímọ." Ó mirí. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èdè ilé ìwòsàn lẹ ń sọ yẹn." Mo tún un sọ, kò gbà. Ni mo bá sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́yìn wa: "Wọ́n fẹ́ dín wa kù ni. Tí ọmọ mi bá gba abẹ́rẹ́ òyìnbó yìí, tí kò wá rí ọmọ bí nílé ọkọ, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ṣé ẹ̀yin nọ́ọ̀sì lẹ máa wá gbé ọmọ fún un pọ̀n?" Ìyá aláàdìrẹ ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Òun nìyẹn."

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá tó jẹ́ kí n dáhùn, ìdáhùn náà sì yàtọ̀ sí èyí tí mo gbé wá láti ilé, nítorí ẹ̀rù yẹn ni mo gbà wọlé. Ilé ọmọ tí ẹ ń bẹ̀rù fún, òun gan-an ni jẹjẹrẹ yìí ń jẹ. Tó bá ti jìn, nígbà mìíràn ṣe ni dókítà máa gé ilé ọmọ jáde kí ẹ̀mí má bàa lọ. Abẹ́rẹ́ yìí ń ṣọ́ ibi tí ọmọ-ọmọ yín máa gbà wá sáyé ni. Ọ̀gá tún ka àwọn ọ̀rọ̀ kan léèwọ̀ fún wa: "irọ́ ni," "àìmọ̀kan ni," "ẹ má dá wọn lóhùn." Ó ní ìyá tí wọ́n bá ti pè ní òpè níwájú ọmọ rẹ̀ kò ní gbọ́ ohunkóhun mọ́ lẹ́nu yín.

Mo gbé e lọ sínú ọjà. Bí mo ṣe dé orí "ta ni mo fẹ́ lọ bá," màmá àgbà kan tó jókòó ti igbá ata rẹ̀ ní, "Ẹ gbọ́ o! Ohun tí mò ń sọ láti àná nìyẹn." Ó wá farabalẹ̀ gbọ́ ìyókù. Ó béèrè bóyá ara ọmọ máa gbóná. Mo ní ó lè gbóná díẹ̀, apá náà sì lè máa dùn ún fún ọjọ́ kan sí méjì. Ó ní kí wọ́n lọ pe ọmọ-ọmọ òun wá. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ṣe bíi tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni wọ́n ń bi mí, wọn ò fi àdúrà lé mi lọ mọ́.

Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fún wa ní kí a máa béèrè ìbéèrè tí kò fẹ́ ìdáhùn, kí a sì kọjá lọ. Láàárín tiwa, kò sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè níwájú àwọn obìnrin ọjà pé "Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun sin òun?" kí ẹ wò ó bóyá wọ́n á dákẹ́. Ọ̀gá mọ èyí dáadáa, ó sì tún ti inú ìwé náà ṣe fún wa: ẹ yan ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè jẹ́ méjì, kí ẹ dúró, kí ẹ jẹ́ kí èrò dá a lóhùn tán, torí ohun tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ ti di tiwọn.

Ó tún kọ́ wa ní àwítúnwí, ó sì gbé ohùn Martin Luther King, ajìjàgbara aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, sí wa létí, ọ̀rọ̀ tó sọ ní Washington ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963. Kò pẹ́ púpọ̀ lórí pé ìwé wà níwájú King, pé Mahalia Jackson tó ń kọrin ló pè é láti ẹ̀yìn pé kó sọ nípa àlá náà fún wọn, tó sì fi ìwé sílẹ̀. Èmi ì bá fẹ́ ká dúró síbẹ̀ pẹ́. Ti Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà ogun abẹ́lé wọn, ló gbé wa ṣiṣẹ́ jù: ní Gettysburg, ọdún 1863, Edward Everett kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì, Lincoln sì sọ tirẹ̀ ní bíi ìṣẹ́jú méjì, ọ̀rọ̀ tí kò pé 300. Ọ̀gá fi aago síwájú, ó ní kí kálukú gé tirẹ̀ dé ìṣẹ́jú méjì. Ó dùn mí bí mo ṣe ń gé e, àmọ́ ẹni tó ń ta tòmátì kò lè fún mi ju bẹ́ẹ̀ lọ kí oníbàárà tó dé.

Lórí òwe, mi ò gbà fún Ọ̀gá. Ó ní kí òwe máa ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀. Òwe tó dé kí ọ̀rọ̀ tó dé kò rí nǹkan dì mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí mò ń bá sọ̀rọ̀ sì jù mí lọ, mo ní láti fi "tótó ó ṣe bí òwe" tọrọ gáfárà kí n tó pa á. Ẹ̀yìn ẹ̀rí ni mo máa ń fi tèmi sí. Tí wọ́n bá béèrè ìdí tó fi jẹ́ ọmọ ọdún 9 ni a ń wá, mo máa ń sọ pé kó tó kan kòkòrò náà ni abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́ jù, tótó ó ṣe bí òwe, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn àgbà ló máa ń bá mi parí rẹ̀.

Àléébù tó dùn mí jù rèé: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé pẹlẹbẹ yẹn, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo àpẹẹrẹ ti wá. Abẹ́òkúta mà la wà! Ìlú yìí ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti kó àwọn obìnrin ọjà jọ lòdì sí owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn. Ní 1947 wọ́n pé jọ síwájú ààfin ní Aké pẹ̀lú orin lẹ́nu, nígbà tó sì di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi oyè sílẹ̀ fún ìgbà kan. Obìnrin yìí kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ Yorùbá ló máa ń sọ níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí àwọn tó kó lẹ́yìn lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo ló tún ju èyí lọ lórí pé etí ta ni ọ̀rọ̀ wà fún? Mo sọ fún Ọ̀gá, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Àwọn tó bá lọ lẹ́yìn mi, ẹ bi í léèrè.

Apá ìwé kíkọ kò jinlẹ̀ tó. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé kí ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún wà ní ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà, nítorí orí ìdúró ni ọ̀gá ọ́fíìsì ti ń kà á. Mo fi kọ lẹ́tà firíìjì tí abẹ́rẹ́ wa nílò, èyí tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú sáàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì mọ́ ojú ìwé kan.

Yàrá náà há, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lábẹ́ fèrèsé, nítorí náà ẹ tètè dé kí ẹ lè jókòó níwájú. Wọ́n máa ń gba owó náà lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ bá béèrè. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ alága ìdúró tàbí alága ìjókòó lẹ fẹ́ kọ́, kì í ṣe ibẹ̀. Kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ tí ẹ máa lọ sọ lóòótọ́ dání láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí kò mú nǹkan kan wá, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi báírò fàlà sí títí a fi parí.