Ọ̀nà Norway àbí ọ̀nà Kánádà?

Ẹni tó bá ń gba Seme kó ọjà wọ Àgbádárìgì mọ̀ pé owó kọ́sítọ̀ọ̀mù nìkan kọ́ ló ń dá oníṣòwò lóró; ìdúró ni. Tòmátì ò mọ̀ pé ìwé ò tíì pé, ó ti ń ṣomi nínú apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń múra àtijáde nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ọ̀nà méjì tó lè máa gbà bá wọn ṣòwò ni aráyé ń dárúkọ. Norway ò sí nínú EU, ṣùgbọ́n láti 1994 ló ti ń bá wọn ná ọjà kan náà. Ó ń sanwó, ó ń tẹ̀lé òfin tí kò dìbò sí, ó sì gbà kí ará Yúróòpù wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tó dìbò ní 2016 pé káwọn jáde ń sá fún gan-an nìyẹn! Ti Kánádà, àdéhùn ọjà lásán ni: wọ́n yọ owó ibodè kúrò lórí ọ̀pọ̀ ẹrù, kálukú ń ṣòfin ara rẹ̀.

Lójú tèmi, ti Norway ló dẹrùn fún ọlọ́jà, ti Kánádà ló dẹrùn fún olóṣèlú. Èyí tó jọ ti Kánádà ni Gẹ̀ẹ́sì sì mú. Ní 24 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó fẹnu kò, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìlànà àtijọ́ dópin. Owó ibodè ò sí, àmọ́ ẹja tútù tó ń lọ sí Faransé gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlera. Ẹja náà ò kúkú mọ̀wé.