Mustang 2005–2014 àbí ti 2015 sókè? Àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó ń wakọ̀ ní Ìbàdàn

Ẹni tó ní Mustang, mọ́tò Ford, V6 4.0 (ẹ́ńjìnì onísílíńdà mẹ́fà, lítà 4.0) tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ń pariwo láàárọ̀, kó tà á, kó fowó lé e, kó ra ti 2015 sí 2017 tó ní V6 3.7. Ẹni tó ní ti 2011 sí 2014 tí ara rẹ̀ ṣì le, kó rọra jókòó sínú mọ́tò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì ń fi 2.3 alátọ́bò (ẹ́ńjìnì kékeré tí ẹ̀rọ tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ kún) tàn, kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí kó tó tú àpò owó.

Ìran méjì là ń sọ: S197, láti 2005 dé 2014, àti S550, láti 2015 dé 2023. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì oríṣiríṣi ló wà lábẹ́ orúkọ kan náà, àwọn tó ń ta mọ́tò kì í sì í fẹ́ la ìyẹn yé èèyàn. Ẹ ka VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, ní igun dígí iwájú. Títí dé 2014, 1ZV ló fi ń bẹ̀rẹ̀; láti 2015, ó di 1FA. Bí ẹnikẹ́ni bá ní 2015 ni mọ́tò òun, tí VIN rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1ZV, irọ́ ló ń pa. Lẹ́tà kẹwàá ni ọdún: 5 sí 9 fún 2005 sí 2009, A fún 2010, B fún 2011, títí dé E fún 2014, F jẹ́ 2015, G 2016, H 2017, J 2018. Lẹ́tà kẹjọ ni ẹ́ńjìnì: N ni 4.0, M ni 3.7, F ni 5.0. H nìkan ló lè dàrú mọ́ni lójú, torí 4.6 ló jẹ́ lára S197, ṣùgbọ́n 2.3 alátọ́bò ló jẹ́ lára S550.

Ká mú V6 4.0 ti 2005 sí 2010 ná. Agbára ẹṣin 210 ló ní. Òun àti Ford Explorer àtijọ́ ló jọ ń lo irú ẹ́ńjìnì kan, nítorí náà páàtì rẹ̀ kì í wọ́n ní Àràrọ̀mí, ní Agodi Gate. Ohun tó ń pa á ni ṣéènì. Ṣéènì kamṣáàfù (irin tó ń ṣí fáàfù) apá òsì wà níwájú, ti apá ọ̀tún sì wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, níbi tí ẹ́ńjìnì ti kọjú sí gíábọ́ọ̀sì. Ike tó ń tọ́ ṣéènì sọ́nà a máa gbó, a máa kán, ṣéènì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í na irin. Ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá sítáàtì rẹ̀ ní tútù láàárọ̀, bí ẹni ń mi owó ẹyọ nínú agolo mílíìkì. Ó tún lè yọjú bí RPM (iye ìyípo ẹ́ńjìnì ní ìṣẹ́jú kan) bá dé nǹkan bí 2,500. Kí mẹkáníìkì fi ẹnu sikurúdíráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnì, kó sì gbé ìdí rẹ̀ sétí: iwájú apá òsì lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn apá ọ̀tún. Bó bá jẹ́ ti iwájú, iṣẹ́ náà ṣeé ṣe láìyọ ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnì tàbí gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jáde.

Nígbà tó bá jáde tán gan-an ni wọ́n tún máa ń bà á jẹ́. Gíà orí kamṣáàfù yìí kò ní ihò tàbí èèkàn tó ń dè é sí ipò kan, ìdè bọ́ọ̀tì nìkan ló mú un dúró. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ tó ń di kamṣáàfù mú, á kàn fojú díwọ̀n ni, fáàfù á sì pàdé písítìnì. Bọ́ọ̀tì kamṣáàfù apá ọ̀tún tún jẹ́ ti òdì: apá ọ̀tún la máa yí i sí kó tó tú. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á máa fi gbogbo agbára yí i sí òsì títí yóò fi kán. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀tì yìí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ náà kó tó fọwọ́ kàn án. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti ṣe é rí. Lójú tèmi, bí ṣéènì ẹ̀yìn bá ti ń dún, àsìkò àti tà á ti tó, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé ó ń dún.

Ilé tẹ́mósítáàtì 4.0 náà, ike ni. Bó bá sán, omi á máa kó jọ sáàárín orí ẹ́ńjìnì, wọ́n á sì ní gásíkẹ́ẹ̀tì ló jóná. Ẹ wo ike yẹn ná kí ẹnikẹ́ni tó tú orí ẹ́ńjìnì.

GT 4.6, onísílíńdà mẹ́jọ, ti 2005 sí 2010 ní agbára ẹṣin 300, ó di 315 ní 2010. Ohùn rẹ̀ dùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irin méjì tí wọ́n so pọ̀ ni plọ́ọ̀gì àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń há sínú ẹ́ńjìnì kó tó kán. Mẹ́jọ ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, ẹ yọ kọ́ìlì, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò rẹ̀ mọ́. Ẹ tú plọ́ọ̀gì náà díẹ̀ péré, kó má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo. Ẹ da oògùn tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ sínú ihò, bí ìdajì ṣíbí ìpo-tíì, ẹ jẹ́ kó wọlé fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dì í, kí ẹ máa tú u, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi jáde. Ẹni tó bá fi ìkánjú ṣe é, á lọ wá irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń yọ àjákù. Ọ́ìlì tún ńkọ́? 5W-20 ni ẹ́ńjìnì yìí ń lo, lítà 5.7. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa á da 20W-50 sí i, wọ́n á ní ooru ilẹ̀ wa ló fà á. Ọ́ìlì ló ń ti ẹ̀rọ tó ń yí àsìkò kamṣáàfù padà; bó bá ki jù, kò ní tètè dé ibi tó yẹ, ẹ̀rọ náà kò sì ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní 2011, wọ́n pa 4.0 tì, wọ́n gbé V6 3.7 wọlé: agbára ẹṣin 305 àti gíà mẹ́fà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo S197. Páńpù omi rẹ̀ wà níta, kò dà bíi ti 3.5 inú Ford Edge tí páńpù rẹ̀ fara pa mọ́ sẹ́yìn ṣéènì, tó bá sì jò, inú ọ́ìlì lomi ń bá lọ. Ọ̀kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ti 2012 onígíà ọ́tò. Ford kéde pé kí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe, torí gíà rẹ̀ lè já wá sí gíà kìíní lójijì lórí eré. Ká má rí i lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ fi VIN rẹ̀ wò ó lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí ọ̀rọ̀ eábáàgì Takata, tó kan S197. Ooru àti ọ̀rinrin tó bá pẹ́ ló ń ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́, tó fi máa ń bú gbàmù tí irin á sì fọ́n jáde. Ojú ọjọ́ tiwa gan-an nìyẹn. Bí ìkànnì náà bá fi hàn pé wọn kò tíì ṣe é kí mọ́tò tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ẹ fẹ́ san.

Kí wá ni S550 fi dára jù? Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Nínú S197, irin áásù kan gbọọrọ ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, nítorí náà bí ti òsì bá ko kòtò, ti ọ̀tún á gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Lórí títì tó tẹ́jú bíi ti Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ àdúgbò tí gálọ́ọ̀pù pọ̀ sí, kí ẹ sì gba kọ́nà: ìdí mọ́tò á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú S550, táyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá gòkè, tó ń dá sọ̀ kalẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí hàn ní Ìbàdàn ju bó ṣe ń hàn ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ṣe é. Bí S197 yín bá ń fò jù, ẹ wo búṣì apá òkè áásù àti ti ọ̀pá tó dá a bú kí ẹ tó dá irú mọ́tò náà lẹ́bi; owó búṣì kò tó owó pípààrọ̀ mọ́tò.

Ìrọ̀rùn náà lówó tirẹ̀. Apá àti búṣì pọ̀ lẹ́yìn S550, apá ìsàlẹ̀ níwájú sì di méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni aláínmẹ́ǹtì rẹ̀. Bí ẹni tó ní ẹ̀rọ bá fẹ́ ṣe iwájú nìkan, ẹ máa bá tiyín lọ, torí táyà ẹ̀yìn á jẹ tán láti inú kí ẹ tó fura.

Ẹ́ńjìnì mẹ́ta ló wà nínú ti 2015 sí 2017: 2.3 alátọ́bò (agbára ẹṣin 310), V6 3.7 (300) àti V8 5.0 (435). Ẹnu “kì í jẹ epo” làwọn oníṣòwò fi ń ta 2.3. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú ìdánwò àárín ìlú tí EPA, àjọ ààbò àyíká ti Amẹ́ríkà, ṣe fún onígíà ọ́tò, 2.3 ń jẹ lítà 11.2 fún kìlómítà 100, 3.7 ń jẹ 12.4. Ẹni tó ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù á fi lítà 12 jèrè. Lítà 12! Lóòótọ́, owó epo ti yàtọ̀ láti May 2023, síbẹ̀ ẹ fi owó lítà 12 wé owó tọ́bò kan. Agbára 310 yẹn pàápàá, epo oní-ọ́kítéènì 93 (epo tí kì í tètè gbiná ṣáájú àsìkò) ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lórí epo lásán, kọ̀ǹpútà á fa àsìkò iná plọ́ọ̀gì sẹ́yìn kí ẹ́ńjìnì má bàa kan, agbára á sì lọ sílẹ̀. Tààrà sínú sílíńdà ló ń tú epo, nítorí náà epo kì í fọ ẹ̀yìn fáàfù, èédú á máa dì síbẹ̀. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀ pàápàá, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló ń dá kún un. Bó bá jẹ́ òun lẹ ṣáà fẹ́, ọ́ìlì 5W-30, lítà 5.4, ní kìlómítà 5,000-5,000, kí ẹ má sì pa á lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn eré àsápajúdé.

Ohun kan yà mí lẹ́nu nínú ìwé EPA yẹn: 5.0 oní-435 àti 4.0 oní-210 àtijọ́, epo kan náà ni wọ́n ń jẹ láàárín ìlú, lítà 14.7. Ẹni tó ń fi 4.0 pààrọ̀ 5.0 kò ní san owó epo jù. Ọ́ìlì lítà 7.6 ló máa rí nígbà sáfíìsì.

Láti 2018, wọ́n yọ V6 kúrò, gíà ọ́tò sì di mẹ́wàá. Gíà yẹn máa ń ta, ó máa ń já, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èmi kò sì ní gbà á láìwà á fún wákàtí kan gbáko. Ọ́ìlì gíà kò jọra: Mercon V fún gíà márùn-ún, Mercon LV fún mẹ́fà, Mercon ULV fún mẹ́wàá. “ATF pupa” lásán kọ́ ni.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo S550 tókunbọ̀, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó dé òpin. Ẹrẹ̀ tàbí àmì omi níbẹ̀ túmọ̀ sí mọ́tò tí àgbàrá gbé. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti jó irin mọ́ra. Ẹ gbé mọ́tò sókè, ẹ wo bọ́ọ̀tì ńlá mẹ́rin tó so férémù ẹ̀yìn mọ́ ara mọ́tò: bí àmì bá fi hàn pé wọ́n ti sún un, wọ́n ti gbá a lẹ́yìn rí. Ẹ yẹ dáṣíbọ́ọ̀dù wò bóyá wọ́n ti rán an, kí rẹwáyà sì fi skánà wo apá eábáàgì, kì í ṣe ẹ́ńjìnì nìkan. (Àga ẹ̀yìn kò gba àgbàlagbà nínú S197 tàbí S550; ẹni tó fẹ́ gbé màmá ìyàwó lọ sí òde, kó wá mọ́tò míì.)

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ríìmù S197 yín sórí S550, ihò márùn-ún 114.3 kan náà ni, àmọ́ nọ́ọ̀tì yàtọ̀: ìlàjì íǹṣì lára ti àtijọ́, M14 lára tuntun. Fọganáísà tó bá fipá wọ ti àtijọ́ á ba okùn rẹ̀ jẹ́.

Lórí owó, ẹ má gbé mọ́tò yín fún oníṣòwò pé kó fi pààrọ̀ bí ẹ bá ráyè tà á fúnra yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa jèrè, lórí tiyín àti lórí tirẹ̀. Ẹ béèrè pépà kọ́sítọ̀ọ̀mù, kí ẹ wò ó bóyá èbúté ló gbà wọlé, torí láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígbé mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀. VIN orí pépà, ti dígí àti ti ẹnu ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ bára mu. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sítáàtì mọ́tò náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín: bí kọ́kọ́rọ́ Ford bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ẹ ò lè fúnra yín kọ́ òmíràn mọ́ ọn, àfi kí ẹ wá rẹwáyà tó ní ẹ̀rọ rẹ̀.